Guido de Marco, agbẹjọ́rò tó gba àga lọ́wọ́ Joseph Garba

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ òfin, mo ń dúró de Law School. Àròkọ kan ni mò ń kọ lórí Joseph Garba, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ààrẹ Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1989. Ibi tí mo ti ń kàwé ni mo ti rí i pé ará Malta kan, Guido de Marco, ló gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, pé lọ́yà ni kó tó di mínísítà. Ta ni ọkùnrin yìí gan-an? Ṣé iṣẹ́ lọ́yà ló gbé e débẹ̀ ni, àbí òṣèlú? Àbí wọ́n kàn fi ipò yẹn ṣàánú orílẹ̀-èdè kékeré?"

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Garba, àmọ́ a kì í béèrè ẹni tó gbé ipò náà lé lọ́wọ́ nígbà tí sáà rẹ̀ pé. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn ìtàn De Marco.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àánú kúrò nílẹ̀. Àwọn agbègbè márùn-ún tí wọ́n pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ló ń jẹ ipò ààrẹ Àpéjọ Gbogbogbòò ní ẹsẹẹsẹ, ọdún kan péré sì ni sáà rẹ̀. Ní 1989, Áfíríkà ló kàn, Garba sì dé e. Ní 1990, ó kan Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù àti àwọn tó ń bá wọn dúró, níbi tí Malta wà. Ní 1991, ó yí sí Éṣíà, Samir Shihabi ọmọ Saudi Arabia ló gbà á. Àwọn márùn-ún tó ní ìjókòó títí láé nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò kò jẹ ẹ́ rí. Àwọn orílẹ̀-èdè kékeré àti àwọn tó wà ní agbedeméjì ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Malta kéré lóòótọ́. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 316 níbùú-lóòró, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá Ìpínlẹ̀ Èkó, àárín Sísílì àti etíkun Líbíà ló sì wà nínú Òkun Mẹditaréníà. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wà títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án, 1964. Àmọ́ kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí aṣojú rẹ̀, Arvid Pardo, fi dìde lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá, 1967, tó ní ìsàlẹ̀ òkun tó wà lẹ́yìn ààlà gbogbo orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀, pé ogún gbogbo ọmọ aráyé ni. Inú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni Àdéhùn Òfin Òkun ti 1982 ti ṣẹ̀. Ní 1988, Malta yìí kan náà ló gbé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà wá síwájú Àpéjọ. Nígbà tí De Marco fi dé New York, wọ́n ti mọ̀ pé bí ará Malta bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó yẹ kí èèyàn fetí sílẹ̀.

Ó wá ku ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Valletta, olú ìlú Malta, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 22 oṣù Keje, 1931. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sórí erékùṣù náà ní oṣù Kẹfà, 1940, abẹ́ ogun ló sì ti dàgbà. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìlú wọn ní 1952, ó sì gba oyè dókítà nínú òfin ní 1955. Oyè yẹn ni gbogbo lọ́yà Malta ń gbà láyé ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe lọ́yà ní Dókítà níbẹ̀ bí a ṣe ń pe oníṣègùn.

Kí o tó lè mọ irú lọ́yà tó jẹ́, ó yẹ kí o mọ irú kóòtù tó ń lọ. Òfin Malta gba ìdí Róòmù àti Ítálì wá, ó tún gba ti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra nítorí ìjọba wọn tó pẹ́ níbẹ̀. Nínú àwọn ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, adájọ́ kì í dá sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi. Ará ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń yàn láti jókòó gbọ́ ẹjọ́, mẹ́fà nínú wọn ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Nígbà tí De Marco bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ikú ṣì wà nínú ìwé òfin fún apànìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1943 ni wọ́n ti yẹgi fún ẹnì kan gbẹ̀yìn. 1971 ni wọ́n tó mú un kúrò fún ẹ̀ṣẹ̀ aráàlú. Ibi tí alákàrà, oníṣòwò àti olùkọ́ ti máa ń jókòó tẹ́tí sí ọ nìyẹn, tó sì jẹ́ pé ohun tí o bá sọ fún wọn ni ẹ̀mí oníbàárà rẹ lè rọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni De Marco ti lókìkí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Gbogbo ipò tó dé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn tí kò tíì gbà ló máa ń bá pàdé, òun a sì máa wá ohun tí mẹ́fà nínú wọn lè fẹnu kò lé lórí.

Láti 1964 sí 1966 ó jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Ní 1966 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Nationalist, kò sì fìdí rẹmi nínú ìbò aṣòfin kankan títí ó fi kúrò níbẹ̀ ní 1999. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ìbò àkọ́kọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní òfin ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì. Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Iṣẹ́ aṣòfin kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Malta, ìrọ̀lẹ́ ni ilé máa ń jókòó, èèyàn sì lè ti kóòtù wá síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà àti dókítà fi kún ilé ìgbìmọ̀ wọn bámúbámú. Torí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé De Marco fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀ láti lọ ṣe òṣèlú ní 1966, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún 55, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àti díẹ̀ nínú iṣẹ́, kó tó di mínísítà.

Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ní 1971, ẹgbẹ́ Labour ti Dom Mintoff gba ìjọba, ọdún 16 ni wọ́n sì fi wà níbẹ̀. De Marco di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1972. Ní 1977 ni ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ipò olórí ẹgbẹ́ Nationalist ṣí sílẹ̀, àwọn mẹ́ta sì dìde fún un: Ċensu Tabone tó jẹ́ dókítà ojú, Eddie Fenech Adami tó jẹ́ lọ́yà, àti De Marco. Fenech Adami ló wọlé. Ó kéré sí De Marco lọ́jọ́ orí, kò sì lókìkí tó o. Ìwọ náà mọ bí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá fìdí rẹmi á kó àwọn èèyàn rẹ̀, á sì lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún tó yí. De Marco gba ipò igbákejì. Ọdún 22 ló fi wà nípò yẹn, lábẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo tó borí rẹ̀. N kò lè sọ fún ọ pé kò dùn ún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ọjọ́ kan tó gbìyànjú láti fa ọkùnrin náà wálẹ̀, láàárín àwọn ọdún tó le jù nínú òṣèlú Malta.

Wọ́n le lóòótọ́. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá, 1979, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé ìwé ìròyìn Times of Malta, wọ́n sì fọ́ ilé Fenech Adami, wọ́n lu ìyàwó rẹ̀. Nínú ìbò oṣù Kejìlá, 1981, ẹgbẹ́ Nationalist ní ìbò tó lé ní ìdajì, nǹkan bí ìdá 50.9 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ Labour ló ní ìjókòó 34 sí 31 nítorí bí wọ́n ṣe pín àwọn agbègbè ìdìbò. Àwọn aṣòfin Nationalist kọ̀ láti wọ ilé ìgbìmọ̀ títí di 1983. Ní oṣù Kejìlá, 1986, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Raymond Caruana nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Nationalist ní ìlú Gudja. Ojú gbogbo èèyàn ń wo ogun abẹ́lé.

Ohun tó gba wọ́n ni ìwé òfin, èyí sì ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà. Ní oṣù Kìíní, 1987, ẹgbẹ́ méjèèjì fẹnu kò láti tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe: ẹgbẹ́ tó bá ní ìbò tó lé ní ìdajì ni yóò ṣe ìjọba, tí ìjókòó rẹ̀ kò bá tó, wọn yóò fi kún un. Labour gba ohun tirẹ̀ náà: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé Malta kò ní bá ẹgbẹ́ ológun kankan dúró. De Marco wà lára àwọn tó jókòó nínú ìjíròrò yẹn fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Wo ohun tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún, 1987, ìtàn 1981 tún ara rẹ̀ sọ délẹ̀délẹ̀: Nationalist ní ìdá 50.9, wọ́n ní ìjókòó 31, Labour ní 34. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ìjókòó mẹ́rin kún un, ó di 35 sí 34, ìjọba sì yí padà.

De Marco di igbákejì olórí ìjọba àti mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé àti ìdájọ́. Ọlọ́pàá tí wọ́n ti fi lu àwọn èèyàn rẹ̀ ló wá bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó yára ṣe ni pé kí ọdún náà tó parí, òfin kan ti mú Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù wọ inú òfin Malta. Malta ti tọwọ́ bọ àdéhùn yẹn tipẹ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè gbé àdéhùn náà lọ síwájú adájọ́ nílé. Láti ìgbà náà, ó lè gbé e lọ síwájú adájọ́ ní Valletta, tí kóòtù Strasbourg, ìyẹn Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, bá sì dá a láre, ìdájọ́ yẹn ní ipá ní Malta. Ìwọ tí o ti ka orí kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀tọ́ tó wà lórí bébà àti èyí tí o lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Ìjọba tuntun náà ní àwọn fẹ́ làjà, àwọn kò fẹ́ gbẹ̀san, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Nationalist sì bínú pé àwọn tó fìyà jẹ wọ́n ṣì ń rìn fàlàlà, àwọn mìíràn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo lóye ìbínú yẹn. Ó tó 1993 kí kóòtù tó dá kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí lẹ́bi lórí ikú ọkùnrin kan tó kú ní àhámọ́ ọlọ́pàá ní 1980. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù fún ẹbí olóògbé. Àmọ́ ẹjọ́ ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀rí, a ò rí i kí wọ́n fi ìbọn ṣe é.

Ní 1990 wọ́n gbé e lọ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Oṣù méjì péré ló pín ohun ńlá méjì tó ṣe lọ́dún náà níyà. Lọ́jọ́ 16 oṣù Keje, ní Brussels, òun ló fi ìwé ìbéèrè Malta lé Gianni De Michelis, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ítálì, lọ́wọ́, pé Malta fẹ́ wọ Àjọ Yúróòpù. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ní New York, ó jókòó sórí àga tí Garba ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Kíyè sí àkókò náà. Ìráàkì ti gba Kuwait lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé tó dé orí àga, Jámánì méjèèjì ti di ọ̀kan. Ogun tútù ti parí. Àárín omi Malta gan-an, ní Marsaxlokk, ni Bush ti Amẹ́ríkà àti Gorbachev ti Soviet ti pàdé nínú ìjì ní oṣù Kejìlá, 1989. Gbogbo ojú wà lára Ìgbìmọ̀ Ààbò, nítorí àwọn alágbára kò bá ara wọn jà mọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù tó ba De Marco ni pé Àpéjọ Gbogbogbòò, níbi tí Togo àti Amẹ́ríkà ti ní ìbò kọ̀ọ̀kan, á di ibi tí àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ lásán. Ó fi àga náà rìnrìn àjò. Ó lọ sí àgọ́ àwọn Palestine tí ogun lé kúrò nílé, ó lọ fojú ara rẹ̀ rí i, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀.

Àbá tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ti Ìgbìmọ̀ Alágbàtọ́ (Trusteeship Council). Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ilẹ̀ tí kò tíì dá dúró. Togo wà lára wọn kó tó gba òmìnira ní 1960. Nígbà tí 1990 fi ń parí lọ, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí Palau nìkan ló kù kí nǹkan tó parí ní 1994. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kí wọ́n pa á rẹ́. De Marco ní rárá o, ẹ fún un ní ohun mìíràn tọ́jú: ìsàlẹ̀ òkun, afẹ́fẹ́, àwọn ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé tí kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè sọ pé tòun ni. Ìwọ tí o kọ́ òfin ilẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ á tètè lóye rẹ̀, nítorí bí olórí ẹbí ṣe di ilẹ̀ ẹbí mú ló rí: ó ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn tó wà láyé àti àwọn tí a kò tíì bí, kò sì lè dá tà á. Pardo ti sọ ní 1967 pé ogún aráyé ni ìsàlẹ̀ òkun. De Marco wá ń béèrè pé ta ni olórí ẹbí. Ìbéèrè lọ́yà ni. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tún gbé àbá náà dìde nínú ètò àtúnṣe rẹ̀ ní 1997, àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè kò gbà á. Mo gbà pé àṣìṣe ńlá ni wọ́n ṣe.

Nílé, nǹkan kò lọ tààrà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi ní 1996, lẹ́yìn tí wọ́n mú VAT wọ ọjà, Alfred Sant ti Labour sì fi ìbéèrè Yúróòpù náà sínú àpótí. Ọmọ ẹgbẹ́ Sant fúnra rẹ̀, Mintoff àgbàlagbà, ló dìbò lòdì sí i ní 1998, ìbò mìíràn wáyé ní oṣù Kẹsàn-án, Nationalist padà. De Marco padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì yọ ìbéèrè náà jáde kúrò nínú àpótí kí oṣù náà tó parí.

Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹrin, 1999, ó di ààrẹ Malta. Ipò ààrẹ níbẹ̀ kò ní agbára ìjọba lọ́wọ́, olórí ìjọba ló ni ìyẹn, De Marco kò sì jẹ olórí ìjọba rí. Ọdún márùn-ún pé ní 2004, ẹni tó sì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Fenech Adami, ọkùnrin tó borí rẹ̀ ní 1977. Tabone ti jẹ ẹ́ ṣáájú, láti 1989 sí 1994. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó du ipò olórí ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn ló di ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn. Malta wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ́jọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 2004, kò tíì pé oṣù kan tó fi ipò sílẹ̀. Ó ṣe alága Commonwealth Foundation lẹ́yìn náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Mario, di lọ́yà, ó di aṣòfin, ó sì di mínísítà. De Marco kú lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ, 2010, ní ẹni ọdún 79, ìjọba ló sì sin ín.

O béèrè bóyá lọ́yà ló gbé e débẹ̀ ni àbí òṣèlú. Ìdáhùn mi ni pé lọ́yà ló fún un ní ọwọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tó ṣe ní 1977 ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ká ní ó fọ́ ẹgbẹ́ náà ni, kì bá sí ìjọba ní 1987, kì bá sì sí ẹni tí yóò rán an lọ sí New York.

Fún àròkọ rẹ, má ṣe fi àwọn méjèèjì wé ara wọn bí ẹni ń wé ọ̀gágun pẹ̀lú lọ́yà. Ìyẹn kò ní gbé ọ débì kan. Ohun tó wà níwájú kálukú wọn ni kí o wò. Ọdún Garba ni ọdún tí Àpéjọ ṣe ìpàdé pàtàkì lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà, ní oṣù Kejìlá, 1989, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà ṣáájú. Ọdún rẹ̀ náà ni Namibia wọlé. Ìjà tí Àpéjọ ti ń jà láti ọgbọ̀n ọdún ló bá a parí. De Marco kò bá irú ìjà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ó ní láti wá iṣẹ́ tuntun fún ilé náà, ìdí sì nìyẹn tí àbá Alágbàtọ́ fi ṣe pàtàkì. Ka ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì fi ṣí sáà wọn, ó wà nínú àkọsílẹ̀ Àpéjọ fún 1989 àti 1990, kí o sì ka ti Pardo ṣáájú méjèèjì. Tí o bá tún fẹ́ bá ẹni tó mọ Malta sọ̀rọ̀ lójúkojú, ilé ẹ̀kọ́ òfin ojú omi tí IMO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, dá sílẹ̀ ní 1988 wà nínú ọgbà yunifásítì tí De Marco ti kọ́ni, ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà ló sì ti gboyè níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ tó ń kọ́ni ní òfin òkun, kò ní ṣòro láti rí ọ̀kan.